Ọ̀gá Aránṣọ Tó Fi Ojú Wọn Ọmọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọmọbìnrin kan wà tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń yọ́ bi í lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ pé ṣé òun ni yóò rán tiwọn.

Ìyá Morónkẹ́jì, mú ìwé àdéhùn yẹn sọ́wọ́ ná, má tíì nà án sí mi. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ lóyún, ó fi pa mọ́ fún ọ, fríídọ̀m rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ kan. O fẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ aránṣọ fọwọ́ sí i pé kí ó padà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní. N ó dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àkàwé yìí fún ọ, kí o sì fi ìdí lé àga dáadáa, nítorí bí o ṣe jókòó yẹn, bí ẹni tó fẹ́ sáré ni.

Ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin náà fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Ó ti lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ nígbà tó mọ̀ pé òun lóyún. Kò wá a, kò sì retí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní òpópónà kejì ló fún un. Nígbà tó sọ fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun yóò ronú sí i, mo sì gbà pé ó ṣì ń ronú di òní. Ìwé àdéhùn tirẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa oyún. Ó gba fríídọ̀m rẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, wọ́n da páúdà sí i lórí, ó jó, kò sí ẹni tó wo ikùn rẹ̀.

Ìwé ti ọmọbìnrin ló sọ ọ́. Ìwé kan náà ni gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ ń lò, o mọ̀ ọ́n. Ìlà kẹfà: bí ọmọ iṣẹ́ bá lóyún kí ó tó parí, gbogbo ọdún tó ti lò di òfo, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin náà tí ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ lábúlé ló tẹ ìka sí i. Kò mọ̀wé, wọ́n kàn fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án. Bí ọdún mẹ́ta yẹn bá ṣòfò, kò sí ọdún mẹ́ta mìíràn lọ́wọ́ ìyá náà tí yóò fún un. Yóò padà sídìí ẹ̀kùrọ́ ni, òun àti ọmọ tó fẹ́ bí.

Nítorí náà ó pa ẹnu mọ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé aránṣọ gidi kì í gé aṣọ mọ́ ojú ìlà, ó máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú. Àyè yẹn ni ọmọbìnrin náà ń jẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, bí àwọn yòókù bá ti jáde, á tú ẹ̀gbẹ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, á fi ìwọ̀n ìka kan fẹ̀ ẹ́, á tún rán an. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti ṣá kì í gba ẹ̀tàn. Ibi tó ti tú síta ṣì ní àwọ̀ búlúù ọjọ́ tí wọ́n rà á, ẹni tó bá ní ojú á rí i. Ó wá rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ funfun kan lé e, láti abẹ́ abíyá dé ìṣẹ́tí. Ọ̀gá rẹ̀ rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó rẹwà, kí gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ fi sí tiwọn. Kí oṣù tó parí, ọmọ iṣẹ́ méje ló ń rìn káàkiri ìlú pẹ̀lú ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù, wọn kò mọ̀ pé oyún ni àwọn ń bá ẹnìkan bò. O lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Ohun tí kò ní ẹ̀rín nínú ni Ọjọ́rú. Ọjọ́rú ni àwọn aboyún ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn ìlú náà, nọ́ọ̀sì tó sì ń wò wọ́n, oníbàárà ọ̀gá ni. Bí ọmọbìnrin náà bá tẹsẹ̀ dé ibẹ̀ láàárọ̀, ọ̀gá yóò ti gbọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Kò lọ rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nídìí máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀, orí ń fọ́ ọ, ó ń tẹ máṣìnì lọ. Bí wọ́n bá bi í, á ní oòrùn ni.

Má rò pé ọ̀gá náà burú. Ó ń fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lóúnjẹ, kì í sì í lù wọ́n. Ohun tó fi ń yangàn ni ojú rẹ̀. Oníbàárà á wọlé, á wò ó lẹ́ẹ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀, á sọ ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì rí bí wọ́n bá fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá ní àṣà kan. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gé ẹ̀wù fríídọ̀m fún ọmọ iṣẹ́, láì fi téèpù kàn án lára. Á ní, "Ẹni tí mo ti ń rí lójoojúmọ́ fọ́dún mẹ́ta, kí ni mo tún ń fi téèpù wá lára ẹ̀?" Ọmọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ rí ẹ̀wù náà títí di ọjọ́ tí yóò dán an wò lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ọ̀gá mọ ọmọ rẹ̀. Kò tíì sí èyí tí kò wọ ọmọ rí.

Ẹ̀wù ọmọbìnrin yìí kò wọ̀ ọ́. Síìpù rìn dé ìbàdí, ó dúró. Ọmọbìnrin náà fa ikùn mọ́nú títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀, síìpù kò kúrò lójú kan. Ọ̀gá fọwọ́ tẹ ẹ̀wù náà síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò fọwọ́ kan ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Mo ṣìgé."

Oyún oṣù márùn-ún ló dúró níwájú rẹ̀ yẹn, Ìyá Morónkẹ́jì, àṣìgé ló rí. Ojú tó gbà pé òun ti mọ ènìyàn tán kì í tún wo ẹni náà mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti wo ọmọbìnrin yẹn kẹ́yìn. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó gbà wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ló ṣì ń rí, òun náà ló sì gé ẹ̀wù fún.

Ó ra aṣọ mìíràn. Ó gé e, ó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó rán an fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n tún dán an wò, síìpù tún dúró. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó lọ gba awò ojú, á ní awò wà fún arúgbó. Lọ́jọ́ yẹn, kò jiyàn mọ́. Aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tó yẹ kó gé. Ó ká a, ó pe ìyá ìyàwó, ó ní, "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ojú mi ti lọ." Ìyá ìyàwó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń gé aṣọ.

Ọmọbìnrin náà rí gbogbo rẹ̀. Fríídọ̀m ku ọjọ́ mẹ́jọ. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò wá ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan fún un, wọn yóò da páúdà sí i lórí, yóò gba ìwé-ẹ̀rí, yóò sì bọ́. Ojú ọ̀gá ni yóò gba ẹ̀bi. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbá ṣọ́ọ̀bù, ó nu àwọn máṣìnì, ó dúró de ọ̀gá rẹ̀. Bí ọ̀gá ti wọlé, ó ní, "Ojú yín ò ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Ẹ ò ṣìgé. Oyún ni."

N ó sọ òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá náà fún ọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ojú òun kò tíì lọ. Ìgbà tó rí i pé inú òun ń dùn ni inú wá bí i, ó sì bí i gidigidi. Ó wọlé lọ mú ìwé àdéhùn jáde, ó ka ìlà kẹfà sókè. Ó ní, "Ó yá, kúnlẹ̀ kó o bẹ̀ mí."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó ní, "Mo purọ́ fún yín, Àǹtí. Ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní. Ọdún kìn-ín-ní, bí wọ́n ṣe ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún kejì, bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn àti apá ni. Mo mọ̀ ọ́n. Èwo nínú ohun tí ẹ kọ́ mi ni oyún yìí ti jẹ? Ẹ sọ ọ́, màá lọ tún un kọ́."

Ọ̀gá ní, "O ò wá ní bẹ̀ mí?"

"Mo ti bẹ̀ yín lórí irọ́. Mi ò lè bẹ̀ yín lórí iṣẹ́ tí mo mọ̀. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ. Màá gbé máṣìnì sábẹ́ igi, màá máa ránṣọ. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló kọ́ mi, orúkọ yín ni màá dá, torí ẹ̀yin náà ni."

Ọ̀gá gbójú sókè láti lé e jáde, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wò ó. Ó rí ẹsẹ̀ tó wú bọ́ sórí sálúbàtà. Ó rí ìpéǹpéjú tó wú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ wo lo lọ rí nọ́ọ̀sì?"

"Mi ò lọ rí."

"Oṣù márùn-ún?"

"Kí ẹ má baà gbọ́ ni, Àǹtí."

Ẹ̀rù ba ọ̀gá ju bí inú ti ń bí i lọ. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ ọjà ni, ojú gbogbo ìlú là. Ó mú ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, kò gba ẹ̀yìnkùlé, àárín ọjà ni wọ́n gbà lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó pe dókítà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì ti ga ju bó ti yẹ lọ, bó bá tún fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ sí i, àtìyá àtọmọ lè bá a lọ. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tẹ máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀ mọ́. Ìlà kẹfà yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, Ìyá Morónkẹ́jì. Kì í ṣe oyún.

Nígbà tó jáde, ọ̀gá rẹ̀ fi téèpù wọ̀n ọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́ta. Ó gé ẹ̀wù kẹta. Ẹ̀wù náà kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó fún un lábẹ́ ọyàn, ó rọ̀ wálẹ̀ lórí ikùn dáadáa, ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ á mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde sáàárín èrò lọ́jọ́ fríídọ̀m rẹ̀. Àwọn kan kùn. Ìyàwó àlùfáà wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó wá láti abúlé ń sunkún, n kò mọ èyí tó ń sun nínú ayọ̀ àti ìtìjú. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wá dìde, ó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi bo iwájú ọmọ náà kí ojú tì í mọ níwọ̀nba. Ọ̀gá gba ìborùn náà, ó ká a dáadáa, ó dá a padà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Èmi ni mo rán ẹ̀wù yìí. Mi ò rán an kí wọ́n bò ó." Àgbà náà bínú, ó sì kúrò níbẹ̀ láì fọwọ́ kan oúnjẹ.

Èmi ni àgbà náà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́ lójú mi, ìborùn ni mo ń wá láti fi bò ó. Ọdún mẹ́jọ nìyí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Ọmọ tó bí ti ń lọ síléèwé báyìí. Bùbá tó wà lọ́rùn mi yìí, ìyá ọmọ náà ló rán an, mo sì tò lórí ìlà kó tó kàn mí, nítorí kì í fojú àgbà wo ẹnikẹ́ni tó bá dé kẹ́yìn.

Mo ti rí i pé ẹnu ń yún ọ. Sọ ọ́. O ní, "Ṣùgbọ́n ó tàn mí jẹ, Mà. Bí mo bá gbójú fò ó, gbogbo àwọn tó kù náà ni yóò lóyún." Oyún kì í ràn, Ìyá Morónkẹ́jì. Ìbẹ̀rù ló ń ràn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ mẹ́rin tó kù rí bí o ṣe lé e jáde lánàá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lóyún lọ́la, ṣé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ wá sọ fún? Ìwọ ni yóò gbọ́ kẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ lẹ́nu agbókùú ni wàá ti gbọ́ ọ. O ní ó tàn ọ́. Òótọ́ ni. Ó mọ ohun tí wàá ṣe bí o bá mọ̀, o sì ṣe é gẹ́lẹ́ bó ti rò. Ta ló wá jẹ̀bi pé kò sọ fún ọ?

N kò ní kí o kí i kú oríire. Bá a wí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ń fi òsì fà á mọ́ra. Ìwọ fi ọ̀tún bá a wí, o sì fi òsì ti ilẹ̀kùn. O ti jókòó síwájú mi fún odidi wákàtí kan. O ti ka ìlà kẹfà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. O pè é ní ọmọ yẹn, o pè é ní aláìmoore. O kò tíì bi mí ibi tó sùn lálẹ́ àná.

Ilé mi ló sùn. Ó wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Mo ti mú un lọ rí nọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí. Ara rẹ̀ le, ọmọ inú rẹ̀ sì ń mira.

N kò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, mo ti fi bíírò fa ìlà kẹfà inú rẹ̀ kọjá, mo sì kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ẹjọ́, pe ìpàdé. N ó wá, n ó sì tún sọ ohun tí mo sọ fún ọ yìí lórí ìdúró. Ẹni tí inú bá ń bí nínú wọn lè yọ mí nípò. Mo ti pẹ́ nípò náà tó.

Ọjọ́ fríídọ̀m kò yẹ̀. Sátidé ni. Ìwọ lo kọ́ ọ fọ́dún mẹ́ta, ìwọ ló yẹ kó gbọ́wọ́ lé e lórí. Ilẹ̀kùn yẹn kò tì. Dìde kí o lọ kàn án, kí o sì fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pè é. Bí o kò bá lè ṣe é, máa lọ sílé. Èmi yóò gbọ́wọ́ lé e lórí lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn èrò yóò bi mí pé ọ̀gá rẹ̀ dà, n ó sì sọ fún wọn.